Wọ́n Ní Kí A Yọ Ọ́ Kúrò Lábẹ́ Ọkọ̀

  Ẹni tí rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, jọ̀wọ́, gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí àwọn ìyá wa tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ná Lọ́mẹ́ sí Atakpamé ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ọkọ̀ òun kò fà mọ́, bí ó bá dé ibi òkè, ńṣe ló ń mí hẹlẹ bí arúgbó. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ pot catalytique yìí dànù, ká yọ vanne EGR, ká so àwọn durite tó lọ síbẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ á fúyẹ́, epo tó ń mu á dínkù. Ẹ má san owó iṣẹ́, ẹ sáà fi irin náà sílẹ̀ fún mi.” Ẹ̀gbọ́n wá béèrè pé, kí lẹ rí sí i?

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí sí i ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹni tó ní kí o má san owó iṣẹ́, ó ti rí owó tirẹ̀ níbì kan.

Ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan náà ná. Bí ẹ bá wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ ó rí páìpù sàlẹ́ńsà tó ti ìdí ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn. Níbì kan lójú ọ̀nà, ó wú bí ikùn ejò tó gbé eku mì. Ibẹ̀ ni. Ọkọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ni tirẹ̀ wà. Bí wọ́n bá là á, inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ. Wọ́n fi irin olówó iyebíye pa ara afárá yẹn bí ẹni fi ọ̀dà pa ògiri: platinum, palladium àti rhodium. Bín-ín-tín ni, ṣùgbọ́n bín-ín-tín yẹn ló mú kí àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá a kiri.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù jáde ní ìkà mẹ́ta nínú: carbon monoxide, epo tí kò jóná tán, àti èéfín nitrogen tó máa ń ta ni lójú, tó sì máa ń há ni láyà. Bí wọ́n bá gba inú afárá gbígbóná yẹn kọjá, wọ́n á yí padà. Carbon monoxide á di carbon dioxide, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Epo tí kò jóná á di carbon dioxide àti omi. Èéfín nitrogen á di nitrogen lásán, èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, carbon monoxide ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ọ́síjìn tí à ń mí, orí ẹ̀jẹ̀ ló ń jókòó sí láti dé gbogbo ara, bí èrò inú ọkọ̀. Carbon monoxide á wá lé e dìde lórí ìjókòó, nítorí agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìgbà tó lé ní igba. Orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á dé. Ẹni tó bá sun oorun yẹn lè má jí, kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Nígbà tí wọ́n bá gé pot kúrò, páìpù lásán ni wọ́n ń jó mọ́ ibẹ̀. Bí ojú ibi tí wọ́n jó kò bá dì, tí ilẹ̀ ọkọ̀ sì ti jẹrà, inú ọkọ̀ ni èéfín ń gbà wọlé sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń gbé ẹrù lọ ọjà. Tiwọn nìkan kọ́. Ẹ wo ìyá tó ń din àkàrà ní ibùdókọ̀ Agbalépédogan, láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà ló jókòó sí. Ní 2012, àwọn onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ ní àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé èéfín ọkọ̀ gasoil ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé irọ́ wá ni mẹkáníìkì pa pé ọkọ̀ á fà? Rárá, kì í ṣe irọ́ pátá. Bí afárá yẹn bá ti dí, èéfín kò ní rí ọ̀nà jáde, ọkọ̀ kò sì ní lè sáré. Ṣùgbọ́n kì í dédé dí. Púlọ́ọ̀gì tó ti kú, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì, ló sábà máa ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ kò tún ohun tó fà á ṣe, ẹ́ńjìnnì yín ṣì ń kú lọ. Èyí tí kò tíì dí ńkọ́? Epo tí ẹ ó rí jèrè nínú yíyọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn níwájú yín, nítorí ojú kan wà lẹ́yìn pot yẹn tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n á fi téèpù bo iná náà. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá wá dé, ta ni yóò sọ fún yín?

Àwọn àgbà mẹkáníìkì kan ṣì ń sọ pé bẹntiróòlù ilẹ̀ wa ló ń pa á, pé kò yẹ ọ̀dọ̀ wa. Òtítọ́ ni nígbà kan. Òjé inú bẹntiróòlù ayé àtijọ́ máa ń ba afárá yẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba pàdé ní Dakar ní 2001, nígbà tí 2006 sì fi máa bẹ̀rẹ̀, a ti ń ta bẹntiróòlù tí kò ní òjé káàkiri gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbó.

Ó wá ku vanne EGR àti durite, ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jìyà. Vanne yẹn ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú rẹ̀ má baà gbóná kọjá ààlà, torí ooru àpọ̀jù ló ń bí èéfín nitrogen. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gasoil, omi ràdíétọ̀ máa ń gba ara ẹ̀rọ kan kọjá láti mú èéfín náà tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ ọ́ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà fún omi.

Mẹkáníìkì kan tí n kò ní dárúkọ bá mi yọ tèmi. Ó fi pákú rọ́bà kan tí kì í ṣe ti omi gbígbóná so durite méjèèjì pọ̀, ó fi wáyà dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. A kọjá Notsé díẹ̀, abẹ́rẹ́ ooru gòkè, ó sì tún wálẹ̀ lójijì. Inú mi dùn, mo ní ó ti tutù. Àṣé omi ló ti tán, abẹ́rẹ́ kò rí omi wọ̀n mọ́! Nígbà tí mo dúró, joint culasse ti jóná. Àbúrò mi sáré ṣí ìdérí ràdíétọ̀, oru àti omi tó kù bú jáde sí i lápá.

Ẹ gbọ́, omi inú ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ títì, ó gbóná ju omi inú ìkòkò lọ. Ẹ má ṣí i àfi tó bá tutù. Bí ó bá sun ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ da sí i fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Bí durite bá di dandan láti so, rọ́bà tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná ni kí wọ́n lò, àti kọlíyè tó dára. Kí wọ́n so ẹnu kan mọ́ ẹnu kejì kí omi lè máa yípo. Kí wọ́n má ki bóòtù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, ọ̀nà yẹn gan-an ni omi ń gbà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bákan náà ni calorstat tí wọ́n máa ń jù nù pé ilẹ̀ wa gbóná: bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, epo tó ń mu á pọ̀ sí i. Omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa tí ẹ ń dà sí ràdíétọ̀, ẹ má fi sínú ìgò ohun mímu o. Ó ń dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ọmọdé.

Ẹ̀yin tó ń ra ọkọ̀ àlòkù ní páàkì etí Pọ́ọ̀tù Lọ́mẹ́, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àjọ UNEP kọ ọ́ ní 2020 pé ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó jáde láti ilẹ̀ àwọn olówó láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn aláyẹ̀wò ilẹ̀ Netherlands yẹ díẹ̀ wò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì rí èyí tí wọ́n ti yọ pot rẹ̀ láti ọ̀hún. Bí ẹ bá rí páìpù tí wọ́n jó níbi tó yẹ kó wú, ẹ bá wọn ná an wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n wa, ìdáhùn yín rèé. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì tàbí ẹnu epo, ẹ ní kí wọ́n tú vanne EGR, kí wọ́n fọ èédú inú rẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Ìyẹn nìkan sábà máa ń tó. Bí pot bá ti dí lóòótọ́, ẹ béèrè iye tí òmíràn jẹ́, kí ẹ sì gbé irin ti àtijọ́ lọ tà fúnra yín. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ padà sí wa bí ó bá ṣe rí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ gààrí àti òṣùwọ̀n ọjà Agoè-Assiyéyé ló kàn.