Kí O Tó Kó Lọ sí Àgọ́ Wòlíì Yẹn

Pòróògún, Ìjẹ̀bú-Òde

Bùsọ́lá, ọmọ àbúrò mi,

Ìyá rẹ ní o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí o ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, kí o sì kó lọ sí àgọ́ wòlíì yín. Ó ní o kì í gbé fóònù òun mọ́, torí wòlíì ní ẹbí ni ọ̀tá ìgbàlà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Má rò pé ìjọ tuntun ni mo kórìíra. Ìlú wa yìí náà ni Joseph Ṣadare alágbẹ̀dẹ wúrà àti Sophia Ọdúnlámì tó jẹ́ olùkọ́ ti ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìjọ St. Saviour's, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ibẹ̀ wà lára orísun àwọn Aládùúrà. Mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe kọ oògùn, ìwọ nọ́ọ̀sì á mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣadare kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run.

Ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ Immanuel Odùmósù ni, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Jésù Òyìngbò. Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ló dá Universal College of Regeneration sílẹ̀, ó ní òun ni Jésù tó padà wá. Nígbà tó tẹ̀dó sí Maryland ní Èkó, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti ń ta ohun ìní wọn, wọ́n ń kó owó rẹ̀ fún un. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ilé búrẹ́dì rẹ̀, ilé oúnjẹ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì sọ àwọn obìnrin ìjọ di aya rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń ní òmùgọ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, tí kò ní ará, tí kò ríṣẹ́, tó rí ẹni tó fún un ní yàrá, oúnjẹ àti iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ló máa rò? Kò sẹ́ni tó dara pọ̀ mọ́ apanirun. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n rí. Ìgbà tí wọ́n bá ti ta ilé tán, tí wọn ò bá ẹbí sọ̀rọ̀ mọ́, ni wọ́n tó mọ̀ pé kò síbi tí wọ́n lè padà sí. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wòlíì yìí dúró tì ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ kọ́ ni a fi ń san irú oore bẹ́ẹ̀.

Odùmósù kú ní 1988 bí gbogbo èèyàn ṣe ń kú, ogún rẹ̀ sì di ẹjọ́ ní kóòtù.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 2006, Reverend King tó ní ìjọ ní Ajao Estate ní Èkó da bẹntiróòlù sára ọmọ ìjọ rẹ̀ mélòó kan, ó ṣáná sí wọn torí ó ní wọ́n ṣe àgbèrè. Obìnrin kan kú. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2016. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì kí i nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà! Ní 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní àádọ́rin, tọmọdé tàgbà, jáde nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń retí ìgbàsókè. Ní Shakahola ní Kẹ́ńyà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkú tí wọ́n hú jáde lé ní irínwó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú nínú ààwẹ̀ tí wọ́n ní á mú wọn rí Jésù.

Mi ò sọ pé apànìyàn ni wòlíì yín. Bi í léèrè ohun méjì fún mi, kí o sì wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń fèsì. Ta ló ń yẹ ìwé owó ìjọ wò? Tí ọmọ ìjọ kan bá sọ níta gbangba pé wòlíì ṣìnà, ṣé ó lè sùn nínú àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Pe ìyá rẹ lónìí. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá wá gbà á lórúkọ ìjọ. Tìrẹ ni, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá gbà á, ká jókòó sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó mú un lọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ