Kán-ún Kò Bá Gbogbo Ara Mu

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyálé ilé tí ìkòkò ọbẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, ọ̀rọ̀ kán-ún ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tó fà á ni pé mo lọ kí ìyá àgbà kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó parapọ̀ di Ṣàgámù ní 1872.

Ó pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá náà jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn tí dókítà fún un, ó ní òun ń lò ó. Mo bi í nípa iyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ó ti lé lọ́dún kan tí iyọ̀ ti kan ọbẹ̀ mi gbẹ̀yìn.” Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé ife àgbo wọlé, mo sì rí ẹ̀rún kán-ún tí kò tíì yọ́ tán nísàlẹ̀ ife náà. Ìyá ní ara òun a máa wúwo, inú òun a sì máa kún, nítorí náà àràárọ̀ ni òun ń mu ún. Kán-ún tún wà nínú ewédú tó fi jẹ ọkà lálẹ́ àná. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rẹ̀ rí, òun náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun wí i.

Òkúta iyọ̀ ni kán-ún. Ní agbègbè adágún Chad, oòrùn a máa fa omi gbẹ, kán-ún a sì dì sílẹ̀, wọn a wà á, wọn a kó o lọ sọ́jà. Kanwa ni àwọn Haúsá ń pè é. Kò ṣàjèjì ní Rẹ́mọ, nítorí òwò obì gbàǹja ló so wá pọ̀ mọ́ àwọn ará Òkè Ọya tó wà ní Sábó Ṣàgámù, ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún sì ni kán-ún ti ń wá.

Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru nínú iyọ̀ ni àwọn dókítà ń pè ní sodium. Ó máa ń dá omi dúró nínú ara. Omi yìí a mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú iṣan, ọkàn a sì máa ṣe làálàá láti tì í. Nínú gíráàmù 10 iyọ̀, bíi 4 ni sodium. Nínú gíráàmù 10 kán-ún tó mọ́, ó tó 3. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí èyí tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 2. Kán-ún gíráàmù 7 nìkan ti kọjá ìyẹn, kí a tó ka búrẹ́dì àti mágí mọ́ ọn. Ahọ́n kò lè kìlọ̀ fún wa, nítorí kán-ún kì í ta lẹ́nu bí iyọ̀.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà pín ara ènìyàn sí mẹ́ta, vata, pitta àti kapha, wọn a sì wo irú ara tí aláìsàn ní kí wọ́n tó fún un ní eérú irin tàbí ti òkúta. N kò ní kí ẹ lọ ra oògùn wọn o, a ti rí òjé nínú òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn dára: ara ta ni? Ara tó yá gágá lè gba kán-ún ṣín-ún nínú ewédú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò le, àti aláboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kí wọ́n jìnnà sí i.

Ní Ṣàríà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àwọn abiyamọ tí ara wọn wú tí ọkàn wọn sì rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ògì tí a fi kanwa sè wà lára ohun tí wọ́n ń mu lójoojúmọ́, wọ́n sì tún ń sùn lórí ibùsùn tí a dáná sí lábẹ́. Àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà náà kò rí i pé kanwa nìkan ló fà á. Síbẹ̀, n kò ní fi kanwa lọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀.

Ẹ máa rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, yóò tètè jinná. Kán-ún a máa pa fítámì B1 inú rẹ̀. Ewédú tútù tí a fi ìjábẹ̀ já dáadáa yóò yọ̀ láìsí kán-ún. Ẹ má fi sódà rọ́pò rẹ̀, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbo yín fún un, ẹ má sì dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín.

Ìyá bi mí pé kí ni kí òun wá lò fún ara wíwúwo. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi tí kán-ún ń dá dúró ló ń wúwo lára rẹ̀, kí ó fi àgbo náà sílẹ̀, kí ó sì tètè padà lọ rí dókítà. Bí ó bá wá di pé kò lè mí dáadáa tó bá dùbúlẹ̀ lóru, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.