Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: TÁÌSÌ TÓ Ń DÚN BÍ IGBÁ ÒFÌFO

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe lórí èlé tàbí owó ìpín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pálọ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí ilẹ̀ pálọ̀ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ènìyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa: ẹni tó yá owó, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì, àti àǹtí ọmọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo wọn kí a tó kọ ọ́ síbí, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì ní Mile 12 yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi tún ilé wọn ṣe ní Ketu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọ ilé náà, orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán ni wọ́n wà. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ ṣe ìdána, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn àna bá ilé tó ṣeé wọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn ló júwe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wọn pé oní-táìsì ni.

Gígùn pálọ̀ náà jẹ́ mítà 4.8, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4.2. Táìsì pọ́sílénì oní sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 ni wọ́n rà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 8 ní gígùn, 7 ní ìbú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 56. Mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú páálí, ìyẹn páálí 14. Ìyá ra páálí 16 kí ẹ̀kún lè wà fún èyí tó bá fọ́. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ níwájú. Ibi tí wọn ò ti ṣe dáadáa ni pé ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà tẹ́ táìsì tó kẹ́yìn, kódà kí ó tó nu ọwọ́, wọ́n ti ka gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìdána lọ dáadáa. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbọ́ gbàù nínú pálọ̀ bí ẹni pé nǹkan já lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, táìsì mẹ́rin ti gbéra nílẹ̀, wọ́n forí kan ara wọn bí òrùlé ilé.

Wọ́n pe ọmọkùnrin náà. Ó ní òun ń bọ̀, kò wá. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò gbé fóònù mọ́. Ni ìyá bá ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kù, kí wọ́n lọ gbé e kó lọ sun inú àtìmọ́lé. Àǹtí rẹ̀ gbọ́, òun náà fárí gá. Wọ́n tún gbọ́ pé ìyá ń sọ lọ́jà pé àwọn ò ní san ẹ̀yáwó oṣù yẹn, nítorí owó náà ti ṣòfò. Ẹ̀rù ba onídùúró kan, ló bá wá bá akọ̀wé pé kí wọ́n yọ orúkọ òun.

Ohun méjì ni a kọ́kọ́ là mọ́lẹ̀. Èkíní, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ kò mọ táìsì. Bí iṣẹ́ dára, bí iṣẹ́ bàjẹ́, owó oṣù ni owó oṣù, nítorí owó ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni. Ìyá gbà, wọ́n san án, bó tilẹ̀ dùn wọ́n. Ìkejì, ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó-gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀ràn àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan. Bí ẹnì kan bá gba owó yín tó sì sá lọ láìjẹ́ pé ó ní iṣẹ́ ṣe lọ́kàn rí, ìyẹn lè di ọ̀ràn jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò dára, ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú ni. Àwa mọ àwọn tó fi owó tó lè tún ilẹ̀ náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì rìn ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí ilẹ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ìgbìmọ̀ yan ènìyàn mẹ́ta láti lọ wo ilẹ̀ náà. A tún wá oní-táìsì àgbà kan láti Ojota, tí kò mọ ìyá, tí kò sì mọ ọmọkùnrin náà, nítorí agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló mú ọmọkùnrin náà wá. Ó kí ìyá lórí ìdọ̀bálẹ̀, ìyá ò dáhùn.

Ẹ fetí sí ohun tí a ṣe, nítorí ẹ lè ṣe é nílé yín lálẹ́ yìí. A mú owó ẹyọ, a fi ń kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín rẹ̀. Èyí tó lẹ̀ dáadáa á dún kó, bí òkúta. Èyí tí ihò wà lábẹ́ rẹ̀ á dún bí igbá òfìfo. Èyí tó bá ti dún bí igbá, a fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sí i lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí a kà á tán, 19 nínú 56 ló ní àmì, pẹ̀lú mẹ́rin tó ti gbéra. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. (Bó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo nínú táìsì kan ṣoṣo ló dún, ẹ má tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé o. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é.)

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ níbi àmì ṣọ́ọ̀kì yìí. Kí a tó kà á, ìyá ń pariwo pé gbogbo ilẹ̀ ló bàjẹ́, ọmọkùnrin náà ń sọ pé mẹ́rin péré ni. Lẹ́yìn tí a kà á, kò sẹ́ni tó lè pe 19 ní 56, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní 4.

A ní kí ọmọkùnrin náà ṣí mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n ṣí bí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀yìn táìsì mọ́ tónítóní, sìmẹ́ńtì kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn. Nílẹ̀, òkìtì márùn-ún ló wà, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan láàrin, bí òkèlè àmàlà nínú àwo. Oní-táìsì àgbà mi orí.

Ó ṣàlàyé fún wa pé táìsì alámọ̀ a máa mu omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú omi kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Pọ́sílénì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí táìsì rẹ̀ bá wọn gíráàmù 100, omi tó lè mu kò ju ìdajì gíráàmù lọ. Nítorí náà, sìmẹ́ńtì àti yanrìn lásán kì í rí nǹkan dì mú lẹ́yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù táìsì, èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò bíi sìmẹ́ńtì, ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ eléyín yà á kárí gbogbo ilẹ̀. Wọn kì í bù ú ní òkìtì-òkìtì.

Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n to táìsì náà mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì tì í gún ògiri láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Ohun tí ooru bá mú a máa fẹ̀ díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé ńlá wọ pálọ̀ yẹn. Táìsì tí kò bá ríbi fẹ̀ sí, òkè ló ń gbà. Mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta láàrin táìsì sí táìsì, àti àlàfo díẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri níbi tí pákó ẹsẹ̀ ògiri tàbí táìsì ẹ̀gbẹ́ máa bò, ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí.

A tún yẹ ọ̀rinrin wò, nítorí gbogbo wa la mọ ibi tí à ń gbé. Ẹni tó bá rántí omi October 2010, nígbà tí odò Ògùn kún bo Ajegunle àti apá Mile 12 lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Oyan, kò ní bi wá léèrè ìdí. Ẹ lè ṣe é báyìí: ẹ gé náìlọ́ọ̀nù tó fẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kọnkéré, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ń mí omi sókè, ẹ má tíì tẹ́ táìsì. Ti pálọ̀ yìí gbẹ. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ti tẹ́ náìlọ́ọ̀nù sábẹ́ kọnkéré nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi. Ọmọkùnrin náà ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà lẹ ní gọ́ọ̀mù ti wọ́n jù.”

Ìyá ní, “Èmi kọ́! Ìwọ ló kọ ohun tí mo máa rà fún mi. Ìwé ọ̀hún rè é.”

Wọ́n sì mú un jáde nínú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó rìsíìtì sí. Sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, yanrìn wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì funfun wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò sí. Ojú ti ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan kù: ọjọ́ kejì tí òun tẹ́ ẹ tán ni wọ́n kó àga wọlé, bẹ́ẹ̀ òun ti ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wa wo ìyá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyẹn, òótọ́ ni. Àna ló ń bọ̀.”

Èrò wa nìyí, bí a ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí oníbàárà tilẹ̀ sọ pé nǹkan wọ́n, oníṣẹ́ ló mọ iṣẹ́. Bó bá mọ̀ pé kò ní lẹ̀, kó kọ̀ ọ́, tàbí kó jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí i pé òun gbọ́. Àga tí ìyá kó wọlé lè ba díẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fọ ẹ̀yìn táìsì mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ọmọkùnrin náà máa tún 19 náà tẹ́ láìgba owó iṣẹ́, òun ló máa ra gọ́ọ̀mù, yóò sì la àlàfo sí ẹsẹ̀ ògiri yíká. Ìyá ló máa wá táìsì tó bá dín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a dá. A kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, àwa mẹ́ta ṣe ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó ṣí wọn, 12 jáde láìfọ́, 7 fọ́. Nínú ẹ̀kún ìjọ́sí, 5 ló ṣẹ́kù. Ó ku 2. Ìyá lọ sí ọjà Odunade ní Orile, wọ́n rí irú táìsì kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára páálí yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ pọ́n ju ti ilé lọ. Abẹ́ àga oníjókòó mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ méjèèjì sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ máa wo nọ́ńbà páálí kí ẹ tó kó wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì ra ẹ̀kún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Bí ọmọkùnrin náà bá kọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà òfin ẹgbẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìlàjà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, Citizens' Mediation Centre. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹnì kejì, wọ́n á gbọ́ tẹnu méjèèjì, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbà yín níyànjú láti lọ, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹni tí kò bá gbọ́ ìlàjà, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké wà, tí Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 lábẹ́ àwọn kóòtù Májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ènìyàn lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ètò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàrin 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ ò lè lọ sọ pé “ó ba ilẹ̀ mi jẹ́” lásán. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́tà béèrè owó náà sí i ṣáájú, kí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà náà wà lẹ́yìn yín. Ó ní bí iṣẹ́ tí ènìyàn sanwó fún kò bá dé ojú ìwọ̀n tó yẹ, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kó dá nínú owó padà.

Lórí owó, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ilé ńláńlá jáde máa ń dá díẹ̀ dúró lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ó sábà máa ń jẹ́ 5 nínú 100, títí iṣẹ́ á fi lo bí oṣù mélòó kan. Ẹ̀yin náà lè bá oníṣẹ́ yín sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró di ìparí kí ẹ tó mú un jáde, ìjà ni ìyẹn. Kí ẹ sì fi owó ẹyọ kan ilẹ̀ náà kí ẹ tó san èyí tó kù.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń gba ẹ̀yáwó iṣẹ́ ilé yóò mú ìwé àdéhùn òun àti oníṣẹ́ rẹ̀ wá: irú ohun èlò tí wọ́n máa lò, ẹni tó máa rà á, iye owó àti ìgbà tí wọ́n máa san án, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, èdè Yorùbá la sì fi kọ ọ́.