Elsie Allen, Ahunagbọ̀n ti Ẹ̀yà Pomo

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó yẹ ìgbésí ayé obìnrin kan wò, ẹni tí ó fi agbọ̀n híhun ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó yẹ kí àwa tí a ń múra iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ó fi hàn wá bí ìmọ̀ ti ń kú, àti bí a ti lè gbà á là.

Àwọn Pomo jẹ́ ẹ̀yà tí ó ti ń gbé ìhà àríwá California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀. Agbọ̀n ni ìkòkò wọn, òun ni igbá wọn, òun sì ni àpò wọn. Wọn a máa hun ún kí ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í fi í jò. Wọn a da omi sínú rẹ̀, wọn a ju òkúta gbígbóná sí i, wọn a sì fi sè oúnjẹ kan tí ó jọ ẹ̀kọ, tí a fi èso igi óákù ṣe. Agbọ̀n ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ pupa orí ẹyẹ àkókó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ̀ka igi wílò tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun agbọ̀n náà. Gbòǹgbò koríko etí odò kan, tí ó jẹ́ ìbátan làbẹ̀làbẹ̀, ni okùn tí a fi ń rán an. Obìnrin a wa gbòǹgbò náà jáde nínú iyanrìn, a là á, a fi eyín àti èékánná bó o, a ká a, a sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀ kí ó gbẹ, kí iṣẹ́ híhun tó bẹ̀rẹ̀.

A bí Elsie ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1899, nítòsí ìlú Santa Rosa. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni ó gbé nígbà èwe, èdè Pomo ni ó sì ń sọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, a mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Covelo, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì sọ èdè tirẹ̀, a ó nà án. Ní òru a máa sọkún lórí ibùsùn rẹ̀, ó sì pinnu pé bí òun bá bímọ, òun kì yóò kọ́ wọn ní èdè náà, kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ má baà jẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: olùkọ́ ni ó kọ́ ọmọ yìí láti má ṣe kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ní ọdún 1919 ó fẹ́ Arthur Allen, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò fún un ní àyè púpọ̀ láti hun agbọ̀n. Ohun mìíràn sì ń rẹ̀ ẹ́ lọ́kàn. Àṣà àwọn Pomo ni láti sin agbọ̀n mọ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbọ̀n ìyá rẹ̀ àgbà ṣe bá a lọ sínú sàréè. Ọmọ kò ní àwòkọ́ṣe kankan mọ́.

Annie Burke, ìyá Elsie, jẹ́ ahunagbọ̀n tí ó mòye. Kí ó tó kú ní ọdún 1962, ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe sin àwọn agbọ̀n òun mọ́ òun, ṣùgbọ́n kí ó fi wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí ìyá ń bẹ ọmọ láti rú òfin àwọn baba. Elsie gbà. Ó ti di ẹni ọdún 62 kí ó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ fún agbọ̀n.

Ó kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, ì báà ṣe ọmọ Pomo, ì báà ṣe òyìnbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dùn sí i. Ní ọdún 1972 a tẹ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà jáde. Susan Billy, ìbátan rẹ̀, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, òun náà sì di olùkọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba fẹ́ sé odò Dry Creek, tí omi yóò sì bo ilẹ̀ tí koríko náà ń hù sí, Elsie wà lára àwọn tí ó gba àwọn aṣojú ìjọba nímọ̀ràn; a sì hú koríko náà lọ gbìn sí ibòmíràn.

Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1990. Ní ọdún 1994 a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Santa Rosa, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é: orúkọ ọmọ tí a ti nà ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí èdè rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó yọ ọmọ, kí ni yóò rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí Elsie pinnu láti má ṣe kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní èdè Pomo?
2. Ǹjẹ́ Annie Burke bu ọlá fún àṣà, tàbí ó bà á jẹ́? Sọ ìdí rẹ.
3. Dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ tí àwọn àgbà nìkan mọ̀. Ta ni ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn?