BÀBÀ NÍNÚ ILẸ̀ OKO KÒKÓ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ní Ìgbẹ̀ìn àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ mọ àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ní àkókò òjò. Omi búlúù tí a fi iyọ̀ bàbà àti ẹfun sísun pò ni a fi ń dá a dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Millardet, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó kéde rẹ̀ ní ọdún 1885, fún ọgbà àjàrà. Oògùn náà dára, a kò sì wí pé kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n níbo ni bàbà inú rẹ̀ ń lọ nígbà tí òjò bá fọ̀ ọ́ kúrò lára èso?

Inú ilẹ̀ ni ó ń lọ. Bàbà kì í jẹrà bí ewé, omi kò sì tètè gbé e lọ, nítorí pé erùpẹ̀ dúdú tí ó wà lókè ilẹ̀ a máa dì í mú ṣinṣin. Nítorí náà, ohun tí baba fín sí oko, ọmọ yóò bá a níbẹ̀. Kòkó fẹ́ bàbà díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò kì í nà dáadáa, ekòló a sì dínkù. Igi àgbà lè má fi hàn. Ọmọ kòkó tí a tún gbìn sí oko àtijọ́ ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀.

Ojú kò lè rí i. Ní ilé àyẹ̀wò, wọn a fi ásíìdì líle yọ́ erùpẹ̀ díẹ̀, wọn a fín omi rẹ̀ sínú iná, wọn a sì tan ìmọ́lẹ̀ la iná náà kọjá. Bàbà ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń gbé mì, òjé ní tirẹ̀, síǹkì ní tirẹ̀. Bí ó ti gbé mì tó ni a fi ń mọ iye rẹ̀.

Bí erùpẹ̀ tí àgbẹ̀ gbé wá kò bá dára, asán ni gbogbo èyí. Ẹ bu láti ojú ibi 15 tàbí 20 káàkiri oko, kí ó má jìn ju ínǹṣì 6 lọ. Ẹ yẹra fún ibi tí a ti ń po oògùn. Ẹ má ṣe lo korobá onísíǹkì tàbí ohun èlò bàbà. Ike ni kí ẹ lò. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a ní ibòji, ẹ di ìwọ̀n kílò kan sínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ sì kọ iye ọdún tí ẹ ti fín oògùn sí i. Ẹ bu òmíràn láti ilẹ̀ ìtòsí tí a kò fín oògùn sí rí. Èyí ni àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ tí kò ní bàbà díẹ̀ tirẹ̀. Láìsí ìfiwéra, iye tí a kà kò lè sọ púpọ̀. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988 ní àwọn olùkọ́ nípa ilẹ̀ tí ẹ lè bi léèrè.

Ẹ béèrè fún cadmium pẹ̀lú, èyí tí àwọn ajílẹ̀ fọ́sífétì kan máa ń gbé wọ oko. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni òfin Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí i nínú ṣokoléètì: fún èyí tí kòkó inú rẹ̀ tó ìdajì, kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 0.80 nínú kílò kan lọ. Ilẹ̀ kíkan ni ó ń jẹ́ kí igi fà á mu. Ẹfun àti ewé jíjẹrà a máa dín in kù.

Ní ti bàbà, ẹ máa já èso dúdú kúrò lóko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tí ó di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó gbé pọ́ńpù.