Ọjọ́ Ọ̀la Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà

Láyé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lókèèrè. Ẹni tí ó di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí “ẹ̀fà” àti “fà” bá ara wọn mu. Lẹ́yìn àrokò ni lẹ́tà dé, lẹ́yìn lẹ́tà ni tẹligíráàmù àti tẹlifóònù. Olúkúlùkù ní ìgbà tirẹ̀.

Ilẹ̀ Ìbàràpá náà kó ipa nínú ìtàn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1971 ni a kọ́ ibùdó kan sí Lánlátẹ̀, nítòsí Èrúwà, tí àwo ńlá rẹ̀ kọjú sí ojú ọ̀run láti máa gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ipasẹ̀ rẹ̀ sì ni ohùn àwọn ènìyàn wa fi ń dé òkè òkun. Ní ọdún 1971 pẹ̀lú ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi í-méèlì, èyíinì ni lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Nígbà tí ó yá, wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwo ńlá, ibùdó Lánlátẹ̀ sì dákẹ́.

Ǹjẹ́ í-méèlì náà yóò ha dákẹ́ bẹ́ẹ̀ bí? Láti ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti gbòde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ni WhatsApp tẹ́ lọ́rùn báyìí. Fún ìkíni àti ìtàkúrọ̀sọ, èyí tó. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni WhatsApp. Kò sí ẹnì kan tí ó ni í-méèlì. Ẹni tí ń lo Gmail lè kọ̀wé sí ẹni tí ń lo Yahoo láìsí ìdíwọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ń fẹ́ ọjọ́, orúkọ àti ẹ̀rí, inú í-méèlì ni a ṣì ń kọ ọ́ sí. JAMB pàápàá ti béèrè àdírẹ́sì í-méèlì rí lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Nítorí náà, ó léwu kí ọmọ ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ṣí àdírẹ́sì fún òun, kí òun má sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá dé, ilé onílé ni yóò balẹ̀ sí. Bákan náà, ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí náà lọ́wọ́ rẹ, oníjìbìtì ni. Má ṣe dá a lóhùn.

Àwọn àgbà wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ lè yípadà lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti ń kí ènìyàn, tí ó mọ bí a ti ń sọ ohun tí a fẹ́ ní ṣókí, tí a sì ń fi orúkọ ẹni sí i, ẹ̀rọkẹ́rọ̀ tí ó bá dé ni yóò fi ránṣẹ́ tí yóò yéni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ lẹ́tà kíkọ dáadáa.