Padà Lọ ní Ọjọ́ Tí Kò Sí Ìnáwó

Adó-Èkìtì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka gbogbo ohun tó o kọ nípa ilé oúnjẹ olówó ńlá tó o mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ láti Èkó lọ ní Fájuyì. Inú mi ò dùn rárá. Iyán tó rọ̀ jù, ẹja tó ti tutù, ẹ̀rọ amúlétutù tó kú nígbà tí ẹ ń jẹun lọ́wọ́, àti ọmọ tó ń gbé oúnjẹ tó ń dá yín lóhùn bí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè: kò sí èyí tó kéré níbẹ̀. Àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tó kú pẹ̀lú àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ ọdún 1966, kò yẹ kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fojú tín-ín-rín àlejò.

Ṣùgbọ́n o ní o ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé, o sì ti ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá sí Adó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Rìsíìtì tó o fi ránṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Iye tó wà nínú mẹ́nù ni wọ́n gbà, VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí rẹ̀, wọn ò sì ka ohun tí ẹ ò jẹ sí yín lọ́rùn. Ká ní wọ́n gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, lẹ́tà mìíràn ni ǹ bá kọ, torí òfin ìdáàbòbo oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba ju iye tó kọ síta lọ. Ẹni tó bá rẹ́ ọ jẹ nídìí owó, mi ò ní bẹ̀ ọ́ kí o padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n sọ ti iyán, torí òun ló dùn ọ́ jù, ó sì yẹ kó dun ọmọ Èkìtì. Oṣù Ògún lẹ lọ. Iṣu tuntun ló kún Ọjà Ọba àti Ọjà Bísí nígbà náà. Omi pọ̀ nínú iṣu tuntun. Gún un títí apá fi ń ro ọ́, kò ní fà bó ṣe yẹ. Iṣu tí wọ́n wà lópin ọdún, tí wọ́n tò síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i títí di oṣù Èrèlè tàbí Ẹrẹ́nà, òun ló ń di iyán gidi. Alásè tó mọṣẹ́ yẹ kó sọ èyí fún yín, kó ní kí ẹ jẹ àmàlà lọ́jọ́ náà. Mo dá wọn lẹ́bi pé wọn ò sọ ọ́. Síbẹ̀ o kọ ọ́ fúnra rẹ pé ẹ ń gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìn ilé. Wọ́n gún iṣu! Wọn ò ro poundo kí wọ́n wá pè é ní iyán fún yín, ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ odó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Ti iná, ìwọ náà mọ BEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò ń jìyà. Sátidé tí ìnáwó kún gbogbo ìlú lẹ sì tún lọ.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, búkà ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ní Adó. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa ti ń fi owó wọn dá ilé oúnjẹ ńlá sílẹ̀ nílé, dípò kí wọ́n kó o lọ sí Èkó. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo lé wọn lọ.

Nítorí náà, kọ́kọ́ pe máníjà. Sọ ọjọ́ tí ẹ lọ, aago tí ẹ débẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Má pariwo, má sì bèèrè oúnjẹ ọ̀fẹ́. Sọ ti ọmọ tó fèsì yẹn náà, torí ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú iṣu tàbí iná, ọ̀gá rẹ̀ ló lè tọ́ ọ sọ́nà. Bí máníjà bá ń bá ọ jiyàn, fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ délẹ̀, lọ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, má mú àlejò dání, kí o sì bèèrè irú iṣu tó wà nílẹ̀ kó o tó ní kí wọ́n gún iyán.

Craig Claiborne, tó di olóòtú abala oúnjẹ nínú ìwé ìròyìn New York Times ní 1957, kì í dájọ́ ilé oúnjẹ láìjẹ́ pé ó lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, owó iléeṣẹ́ ló sì ń ná. Ìwọ ò ní iléeṣẹ́ tó ń san án fún ọ, mo mọ̀. Bó bá tún rí bákan náà, má padà mọ́, kí o sì sọ fún ẹni tó bá bi ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lo lọ.

Bó o bá lè ní sùúrù di oṣù Èrèlè, iṣu á ti gbẹ. Wá mú mi nílé, ká jọ lọ. Èmi ni màá san owó oúnjẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ